Sorry òyìnbó, sọ́rì tiwa

Màmá kan tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Jagun níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ohùn wọn náà ni:

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin mú ìyàwó wa tó jẹ́ òyìnbó wálé láti London. Bó ṣe ní kó wọlé báyìí, ó fẹsẹ̀ kọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa, díẹ̀ ló kù kó dojú bolẹ̀. Mo figbe ta: 'Sọ́rì! Sọ́rì o!' Ló bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé mi ò ṣe nǹkan kan. Ojú tì mí díẹ̀. Nígbà tó dalẹ́, ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 da omi sí màmá mi lára, ó ní 'Sọ́rì, mà.' Inú bí màmá, wọ́n ní ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: lójú òyìnbó ó pọ̀ jù, lójú màmá ó kéré jù. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an, ìgbà wo ló sì yẹ ká máa sọ ọ́?"

Màmá, ẹ kú àlejò o. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin ò ṣìsọ, ìyàwó yín ò ṣìgbọ́, màmá àgbà náà ò sì bínú lásán. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, màá máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: sorry. Èkejì jẹ́ tiwa, èyí tó ti pẹ́ lẹ́nu wa tó fi gba ohùn Yorùbá sára: sọ́rì, òkè lórí èkíní, ilẹ̀ lórí èkejì. Ilé kan náà ni wọ́n ti wá, àmọ́ bí ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé àǹtí, èyí tó dàgbà lọ́dọ̀ wa ti gbàgbé ìwà ilé ìyá ẹ̀.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan kí n tó máa bá a lọ. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Fún bí ìdajì ọdún wọ̀nyẹn, tí ọmọ kan bá ti kọ ọ́ nínú àròkọ ẹ̀ pé òun rí bàbá arúgbó kan tó ṣubú, tí òun sì ní "sorry" fún un, bírò pupa mi ti fà á nídìí nìyẹn. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, mo máa ń kọ ọ́ pé: "Ṣé ìwọ lo tì í ni?" Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá. Lọ́jọ́ kan ọmọbìnrin kan gbé ìwé ẹ̀ wá bá mi nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, tí mi ò bá gbọdọ̀ sọ sorry, kí ni kí n wá sọ fún bàbá náà?" Mo lanu. Mo wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè dúró sí àyè "ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá", mo wá a títí, mi ò rí. Mo ní kó lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ìbéèrè tiyín sì ló jẹ́ kí n rí àyè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Sorry ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́nu wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, sārig ni wọ́n ń pè é, inú sār ló sì ti jáde, ìyẹn ìrora, tàbí egbò. Sār yẹn ló di sore tí wọ́n fi ń pe egbò àti ibi tó ń dun èèyàn lára títí dòní. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tíṣà pàápàá máa ń kọ́ ọmọ pé sorry àti sorrow, ìbànújẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Irọ́ ni o. Orírun ọ̀tọ̀ ni sorrow ti wá, wọ́n kàn jọra lójú ni, ìjọra náà ló sì mú ìtumọ̀ wọn máa sún mọ́ra. Ẹni tó jẹ́ ìbátan sorry tòótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì fi ń sọ pé "gan-an", sehr. Láti inú ìrora lòun náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bù kún nǹkan. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ṣebí àwa náà ń sọ pé ọbẹ̀ dùn burúkú.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní "I am sorry", ohun tó ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni pé "ó dùn mí". Ara ẹ̀ ló ń sọ. Ẹ di èyí mú, a ó padà sí i.

Ohun tó lè dùn án pín sí méjì. Ó lè jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ, ó sì lè jẹ́ ohun tí òun fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sí ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ìrù tí wọ́n bá so mọ́ ọn ni wọ́n fi ń mọ èwo ni èwo. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ara yín ò yá, wọ́n á so "to hear that" mọ́ ọn: ó dun àwọn láti gbọ́. Tí èèyàn yín bá kú, wọ́n á so "for your loss" mọ́ ọn. Kò sí ẹ̀bi kankan nínú àwọn yẹn. Tí wọ́n bá pẹ́ dé, wọ́n á ní sorry, wọ́n á dárúkọ ìpẹ́ náà, ìgbà yẹn ẹ̀bẹ̀ ló dé. Àmọ́ tí sorry bá jáde níhòòhò, tí kò sí ìrù kankan nídìí ẹ̀, tí ẹni kan kàn sọ ọ́ sí ẹlòmíràn lójú, etí Gẹ̀ẹ́sì kì í ro ohun méjì: ẹni yìí ṣe mí ní nǹkan, ó sì ń bẹ̀ mí. Níhòòhò yẹn gan-an lẹ ṣe sọ tiyín lójọ́ yẹn. Ìyàwó yín gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó sì wá ẹ̀ṣẹ̀ tì. Àánú yín ló ṣe é tó fi sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ó ń tú yín sílẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́ tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ gbé fún ara yín.

Àwọn ìlò tó kù ò le, màá kàn fọwọ́ bà wọ́n kọjá. Tí wọ́n bá fi ohùn gbé e sókè bí ìbéèrè, "sorry?", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé "ẹ ní kí ni?" Tí ẹ bá ní kí wọ́n wá jẹun tí wọn ò sì fẹ́, sorry ló máa ń ṣíwájú "rárá" kó má bàa gbóná jù. Kí wọ́n "feel sorry" fún ẹnì kan ni pé àánú onítọ̀hún ń ṣe wọ́n, ẹ sì ṣọ́ra, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í fẹ́ kí wọ́n ṣe irú àánú bẹ́ẹ̀ fáwọn. Ilé tó bá wà ní "sorry state" ni ilé tó ti di ẹgẹrẹmìtì, tí ojú ò ṣeé wò. Tí wọ́n bá sì na ìka sí yín pé "you will be sorry", ẹ má dúpẹ́ o. Ìhàlẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ máa kábàámọ̀.

Ẹ óò wá bi mí pé ṣé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún kì í sọ sorry láìṣẹ̀ ni? Wọ́n ń sọ ọ́, ó ju bó ṣe yẹ lọ. Onímọ̀ ìwà àwùjọ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn, Kate Fox, mọ̀ọ́mọ̀ ń lọ gbá èèyàn lára nígboro àti ní ibùdókọ̀ ojú irin láti wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó gbá ló ń bẹ̀ ẹ́, ẹni tí wọ́n gbá ló ń sọ sorry fún ẹni tó gbá a! Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: àwọn méjèèjì ló wà nínú ìgbára-ẹni náà. Ara kan ara. Ìyàwó yín àti àtẹ̀gùn ló jà, ẹ̀yin ò sí ńbẹ̀. Kí ẹni tó dúró lọ́nà jíjìn figbe sorry ta ni kò bá wọn lára mu.

Ó wá ku tiwa.

Nígbà tí ẹ figbe ta, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lẹ sọ. Pẹ̀lẹ́ lẹ sọ, ẹ kàn wọ̀ ọ́ lẹ́wù Gẹ̀ẹ́sì ni. Pẹ̀lẹ́ ò bá ẹ̀bi tan níbì kankan. Tí ẹ bá fẹ́ rí i kedere, ẹ wo ọmọ ọdún méjì tó ń tẹsẹ̀ bọ rírìn. Ó sáré, ó ṣubú lójúde, ó ké tòò. Ìyá àgbà á sáré gbé e: "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, olówó orí mi, níbo ló ti dùn ẹ́?" Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i lórúnkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yíjú sílẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú: "Ilẹ̀ yìí! Ilẹ̀ burúkú! Kí ló dé tó o gbé ọmọ mi ṣubú?" Ọmọ á dákẹ́, á máa wo ilẹ̀ bó ṣe ń jìyà. Ẹ rí i pé ìyá àgbà ti pín in: ọmọ gba pẹ̀lẹ́, ilẹ̀ gba ẹ̀bi. Ọmọ Yorùbá ò tíì lè sọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í gbé inú àpò kan.

Bí ọlọ́kadà méjì bá forí gbárí lójú títì nígboro, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á sáré dé, "ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ pẹ̀lẹ́", fún èyí tó jẹ̀bi àti èyí tí kò jẹ̀bi. Wọ́n á gbé wọn dìde, wọ́n á bu omi sí wọn lójú, ẹnì kan á ti máa wá bàtà ẹsẹ̀ kan tó fò lọ sínú gọ́tà. Ẹ̀yìn èyí ni ariwo ta ló jẹ̀bi á tó bẹ̀rẹ̀, ariwo yẹn sì máa ń ju ìjàǹbá fúnra ẹ̀ lọ.

Pẹ̀lẹ́ tún gbòòrò ju ti ẹni tó fara pa. Níbí, a fi ń kí ara wa lásán. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, "ẹ pẹ̀lẹ́ o", ẹ̀yin náà á dáhùn láì gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń sín, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ru ẹrù wúwo, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná, "pẹ̀lẹ́ o, rọra", ìyẹn ìkìlọ̀ ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ohun tí a kò fi kánjú ṣe. Ìwà pẹ̀lẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀ ń yí ká ohun kan: kí nǹkan rọ̀ fún ẹnì kejì. Ibi tí èmi rò pé ìyàtọ̀ wà gan-an nìyí. Sorry ń sọ̀rọ̀ nípa ara ẹni tó ń sọ ọ́, pé ó dùn mí. Pẹ̀lẹ́ ò mẹ́nu kan ẹni tó ń sọ ọ́ rárá, ara ẹni tó ń gbọ́ ló ń tù.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Tí ẹ bá dé Sábó ní ìlú yìí kan náà, tí ẹ fẹsẹ̀ kọ lójú àwọn ará wa Haúsá, "sannu" ni wọ́n á sọ fún yín. Sannu yìí náà ni wọ́n fi ń kíni, tí wọ́n bá sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, sannu-sannu, ó di pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà níbi tí wọ́n ti ń sọ Swahili, "pole" ni wọ́n á sọ fún ẹni tó fara pa tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, polepole sì ni wọ́n á sọ fún awakọ̀ tó ń sáré jù. Èdè mẹ́ta tó jìnnà síra, tí wọ́n jọ gba ọ̀nà kan náà dé ibì kan náà! Àwọn Ígbò ní "ndo" fún àánú, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ní fún títọrọ àforíjì. Nígbà tí gbogbo wa wá kóra jọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, sannu àti ndo lápò, tí tíṣà ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún wa àyàfi sorry, kí la fẹ́ ṣe? A da gbogbo ẹ̀ sínú ìgò kan. Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa, láti ibí dé Kánò dé Enugu, fi ń sọ sorry fún ẹni tó ń wúkọ́. Mi ò pe ìyẹn ní àṣìṣe mọ́. Bírò pupa mi ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ màmá àgbà, nítorí òun ló le jù.

Ọmọ yín da omi sí wọn lára, ó ní sọ́rì. Sọ́rì, ní ilé Yorùbá, pẹ̀lẹ́ ló jẹ́. Nítorí náà ohun tí màmá gbọ́ ni pé ọmọ tó da omi sí wọn lára ń bá wọn kẹ́dùn, bí ẹni pé òjò ló pa wọ́n! Pẹ̀lẹ́ ni ẹni tí kò ṣẹ̀ ń sọ. Ẹni tó ṣẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Tí mo bá fọ́ àwo yín tí mo sì dúró pé "pẹ̀lẹ́ o", ẹ ò ní bi mí pé ṣé pẹ̀lẹ́ lẹ fẹ́ fi jẹun lalẹ́? Ẹ̀bẹ̀ ni "ẹ má bínú", ẹ sì gbọ́ ohun tó ń sọ: kò sọ pé ó dun èmi, kò sọ pé ó dun ẹ̀yin, ìbínú yín ló dojú kọ. Ó ti gbà pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú, ó wá ń bẹ̀ yín kí ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ní "ẹ foríjì mí", a ní "mo tọrọ àforíjì". Tó bá jẹ́ níwájú ọba tàbí àwọn àgbà ìdílé, "mo túúbá" ló kù, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀sìn Ìmàle gbé wá fún wa láti inú èdè Lárúbáwá, níbi tó ti túmọ̀ sí ìrònúpìwàdà. Ara sì máa ń bá ẹnu sọ ọ́: ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Sọ́rì ò ní ìkúnlẹ̀ nínú. Èèyàn lè sọ ọ́ lórí ìdúró, kó sọ ọ́ sẹ́yìn bó ṣe ń lọ, kó máa fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Màmá rí gbogbo ìyẹn nínú sílébù méjì.

Mo ti gbọ́ ọ nílé tèmi náà. Ọmọ ọmọ mi kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní "Sọ́rì, Grandpa", ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó parí ẹ̀. Ìyàwó mi pè é padà. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ta lo sọ sọ́rì fún? Ṣé ọmọ kíláàsì ẹ ni?" Ọmọ náà kò mọ ohun tó kù láti ṣe, ọdún méje ni, nílé ẹ̀ kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan míì. Ìyàwó mi wá kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀: "Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Ó sọ ọ́. Ó wo ojú mi, ó tún wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ṣó ń dùn yín?" Mo ní ó dùn mí díẹ̀. Ló bá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Ẹ rí i bó ṣe tò ó: ẹ̀bẹ̀ kọ́kọ́ wá, pẹ̀lẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní apá kejì yẹn.

Mi ò ní kí a lé sọ́rì kúrò nílé o. Láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ń lọ geere. "Sọ́rì, mi ò ní ṣéńjì." "Sọ́rì, nọ́ńbà yẹn ò lọ." Ẹ̀yin aránṣọ pàápàá ò lè ṣe kí ẹ má ní in lẹ́nu lọ́jọ́ tí oníbàárà bá wá gba aṣọ ọdún tí ẹ ò tíì gé. (Iná ni kò sí, àbí? A ti mọ̀.) Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, sọ́rì tó gba iṣẹ́ ẹ̀ ṣe náà sì ti kọ́ akọ àti abo. Èyí tí ẹ fohùn tútù sọ, abo ni. "Sọ́rì fún ẹ!" tí ẹnì kan sọ tó sì yímú sí i, akọ gidi nìyẹn. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó máa gbọ́ ọ yé, nítorí inú Yorùbá ni wọ́n ti bí i.

Kí n wá sọ ìdí tí etí òyìnbó fi ń tètè gbọ́ ẹ̀bi nínú sorry, kí ẹ má bàa rò pé ìyàwó yín kàn ń fojú kékeré wo nǹkan ni. Lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ yìí lè dé kóòtù. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá kan ti ẹlòmíràn máa ń bẹ̀rù láti sọ ọ́, kí wọ́n má bàa mú un pé ẹnu ara ẹ̀ ló fi jẹ́wọ́. Ó le débi pé wọ́n fi òfin gbà á sílẹ̀: ní ilẹ̀ England àti Wales, apá kejì òfin Compensation Act ti ọdún 2006 sọ pé ìtọrọ àforíjì nìkan kò lè di ẹ̀rí pé ẹni náà ṣe àìbìkítà. Ní Kánádà, ìpínlẹ̀ British Columbia ṣe òfin tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ní ọdún 2006 kan náà, Ontario tẹ̀ lé e ní 2009. Ẹ fojú inú wò ó kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn kí wọ́n máa ṣe òfin pé ẹni tó bá ní "ẹ pẹ̀lẹ́" kò jẹ̀bi. Ẹ̀rín ni a ó fi pa ara wa.

Ti Australia tilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ibẹ̀ fi ń gba ọmọ àwọn onílẹ̀, àwọn Aborigine, lọ́wọ́ òbí wọn tipátipá. Láti May 26, ọdún 1998, ni àwọn èèyàn ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní Sorry Day. Àmọ́ olórí ìjọba ìgbà náà, John Howard, kọ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ ìjọba. Ní 1999 ó mú ìpinnu wá síwájú ilé aṣòfin pé ó dun àwọn gan-an, ó lo ọ̀rọ̀ míì, regret, tó fi yẹra fún sorry. Wọ́n ní kò tó. February 13, ọdún 2008 ni ẹni tó rọ́pò ẹ̀, Kevin Rudd, dìde nínú ilé náà tó wá sọ ọ́, àwọn èèyàn sì ń sunkún níbi tí wọ́n ti ń gbọ́. Bí ọdún mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ohun tó wá wù mí jù nínú ìtàn yìí ni pé láàárín àwọn onílẹ̀ náà, tí èèyàn wọn bá kú, "sorry business" ni wọ́n ń pe ètò ìsìnkú àti ọ̀fọ̀. Àwọn náà mú ọ̀rọ̀ òyìnbó, wọ́n fi í ṣe iṣẹ́ tiwọn, iṣẹ́ tí àwa ń fi "ẹ kú ará fẹ́ra kù" ṣe.

Ó yá, ohun tí ẹ óò ṣe. Tí ìyàwó yín bá tún fẹsẹ̀ kọ, tó sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ fi bá a sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè: "Are you all right?" Ìbéèrè ni àwọn fi ń ṣe pẹ̀lẹ́, wọn ò ní ọ̀rọ̀ kan fún un. Tó bá sọ fún yín pé ìyá òun ń ṣàìsàn, ẹ lè sọ sorry fàlàlà, ẹ ṣáà so "to hear that" mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, sorry tí kò ní ìrù yẹn ló yẹ ẹ́ gan-an. Èyí tí èmi ì bá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá sọ "pẹ̀lẹ́" fún un, màá sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ẹ̀ ni. Á bi yín pé kí ló túmọ̀ sí, ẹ óò rí nǹkan sọ nídìí ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti ọmọ, ẹ má nà án. Ẹ jẹ́ kó lọ kúnlẹ̀ fún màmá, kó ní "Ẹ má bínú, mà, mi ò mọ̀ọ́mọ̀", kó sì bá wọn mú aṣọ gbígbẹ wá. Tó bá fẹ́ fi sọ́rì kún un lẹ́yìn ìyẹn, màmá ò ní gbọ́ ọ mọ́, wọ́n á ti máa súre.

Ẹ sì bá wa wá bíríkìlà sí àtẹ̀gùn yẹn.